Ṣíbí mẹ́ta tó jí májèlé: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì lórí ẹja Malawi

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ẹja aláràbarà, ni mo bá ra táńkì dígí onílítà 60 àti ẹja 12 tí ọlọ́jà pè ní African cichlid. Omi bọ́họ̀ọ̀lù ilé wa ni mo rọ sí i. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi pépà àyẹ̀wò wo omi náà, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá rẹlẹ̀ sí 7, omi náà kan) jẹ́ 6. Ọlọ́jà ní omi náà ti kan jù, kí n da baking soda sí i. Mo da ṣíbí tíì mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, márùn-ún ti kú. Nínú èyí tó kù, ọ̀kan tó jẹ́ yẹ́lò onílà dúdú nígbà tí mo rà á ti di dúdú, ó sì ń lé gbogbo ẹja yòókù kiri. Àwọn ìbejì mi ti sọ ọ́ ní Kábíyèsí. Òmíràn tó jẹ́ yẹ́lò ṣáá kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́fà, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì wú. Ṣé àrùn ni? Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí méjì nínú àwọn tó kù. Kábíyèsí kò ṣàìsàn, oyè ló jẹ. Yẹ́lò tí kò jẹun yẹn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ọmọ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Màá padà sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Àwọn márùn-ún tó lọ ni ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn wọn, nítorí ohun tó pa wọ́n ṣì wà nínú omi yẹn.

Ẹja máa ń tú amóníà, ìdọ̀tí olóró tó dà bí ìtọ̀ rẹ̀, sínú omi láti ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù tó ń jẹrà tún ń dá kún un. Nínú táńkì tó ti pẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń gbé inú fóòmù fílítà àti ara òkúta. Ọ̀wọ́ kan ń sọ amóníà di nitrite, ọ̀wọ́ kejì ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ara ẹja lè gbà dé ìwọ̀n kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ yìí. Táńkì tiyín kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, omi rẹ̀ sì kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí máa ń falẹ̀ nínú omi kíkan. Ìtọ̀ ẹja 12 ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ nínú lítà 60, kò sí agbálẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọn kò kú láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Omi kíkan yẹn gan-an ló ń gbà wọ́n. Nígbà tí pH bá wà ní 6, bíńtín ni èyí tó ń pa ẹja nínú amóníà náà. Ìyókù á wà ní ìrísí kejì tí wọ́n ń pè ní ammonium, tí kì í tètè wọ ara ẹja. Bí pH bá ṣe ń gòkè ni ammonium ń padà di amóníà gidi. Láti pH 7 sí 8.5 nìkan, èyí tó ń pa ẹja nínú rẹ̀ á ju ìlọ́po ogún lọ, láìjẹ́ pé ẹja kankan tún tọ̀ sí i. Ẹ sì rántí pé 6 ni tiyín ti gbéra. Májèlé ti ń sùn nínú táńkì yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣíbí mẹ́ta yẹn ló jí i.

Ọlọ́jà yẹn kò parọ́ fún yín. Ẹja Malawi, irú èyí tí ẹ rà, kì í fẹ́ omi kíkan, ṣíbí tíì mẹ́ta nínú lítà 60 pàápàá kò pọ̀ jù. Ohun tó gbàgbé láti sọ ni èyí tó yẹ kó ṣáájú: omi tó ti dọ̀tí la kọ́kọ́ ń pààrọ̀, kí á tó fọwọ́ kan pH. Nítorí náà, lónìí, ẹ gbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà dànù. Ẹ rọ omi tuntun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ po ṣíbí tíì baking soda kan mọ́ lítà 20 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kì í ṣe nínú táńkì, kó lè bá èyí tí ẹja ti wà nínú rẹ̀ mu. Ẹ rọra dà á sí i. Ẹ tún un ṣe lọ́la àti lọ́tùn-únla. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹja tó yó ló ń bà á jẹ́ sí i, ebi ọjọ́ mẹ́ta kò sì ní pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá oògùn àyẹ̀wò amóníà rà, èyí tí wọ́n ń kán sínú ìgò kékeré. Pépà pH nìkan kò tó. Òun ló tàn yín jẹ.

Bí omi yín bá jẹ́ ti ìjọba tó ní chlorine, ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ nínú agbada fún wákàtí 24. Ti bọ́họ̀ọ̀lù kò nílò ìyẹn. Àwọn kan máa ń já pure water sínú táńkì torí pé ó mọ́. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà ní ohun púpọ̀ nínú tó lè di pH mú, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá jìnnà sí Ìkòròdú. Adágún Malawi wà láàárín orílẹ̀-èdè Malawi, Tanzania àti Mozambique, ó gùn tó nǹkan bí 580 kìlómítà, ó sì jìn tó 700 mítà níbi tó jìn jù. Omi rẹ̀ le, pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 7.7 sí 8.6, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irú ẹja tó wà nínú rẹ̀ lé ní 500, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì sí níbòmíràn láyé. Àwọn tí ẹ rà jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí àwọn ará etí adágún náà ń pè ní mbuna, àwọn ẹja àpáta: wọn kì í kúrò nídìí òkúta, ara òkúta náà ni wọ́n ti ń ha ewédò jẹ. Omi ilẹ̀ Ìkòròdú, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, inú iyanrìn ló ti ń wá. Òjò gba inú iyanrìn kọjá, kò rí òkúta ẹfun tó máa yọ́ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ilé yín ní fífúyẹ́ àti kíkan. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n pupa bíi ìpẹtà nínú àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, àmì irin inú omi nìyẹn, kì í ṣe ti ẹfun.

Lọ́jọ́ iwájú, mi ò fẹ́ kí ẹ máa gbójú lé baking soda nìkan. Ẹ jẹ́ kí òkúta ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ máa ń ní oyster shell, ìkarahun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ fún adìyẹ tó ń yé. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ dì í sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi í síbi tí omi ti ń gba inú fílítà kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́. Ẹ ṣọ́ra o, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni àpò bone meal máa ń wà, àwọn méjèèjì sì jọra lójú. Èmi fúnra mi ti sáré gbé bone meal wálé rí. Kò tó ọjọ́ méjì tí táńkì fi di omi ògì, tó ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Eegun ni, eegun á sì jẹrà.

Ní ti òkúta ńláńlá tí ẹ máa tò fún wọn, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e wọlé: ẹ fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ kó lẹ́bú, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú ibẹ̀. Bó bá hó, ẹfun wà nínú rẹ̀, á bá yín gbé pH sókè. Irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì máa ń hó dáadáa. Akọ òkúta bíi ti Abẹ́òkúta kì í hó. Kò burú, ilé lásán ló máa jẹ́ fún wọn. Èyí tó bá hó tàbí èyí tí kò hó, ìdí táńkì gan-an ni kí ẹ fìdí òkúta lé, kí iyanrìn tó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹja yìí ń gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété. Bí òkúta bá dúró lórí iyanrìn, wọ́n á gbẹ́ ẹ yọ lábẹ́ rẹ̀, á wó lu dígí, pálọ̀ yín á sì kún fún omi lóru.

Ó yá, Kábíyèsí. Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, Melanochromis auratus ni. Ní kékeré, takọ tabo wọn ló jẹ́ yẹ́lò, tí ilà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ wọn láti imú dé ìrù, wọ́n sì rẹwà débi pé ṣàṣà lẹni tó máa rí wọn lọ́jà tí kò ní ra ọ̀kan. Abo kì í bọ́ aṣọ yẹn. Akọ tó bá ti borí àwọn tó kù ni awọ rẹ̀ ń yí: ibi tó jẹ́ yẹ́lò á ṣú, ilà dúdú á sì tàn bíi búlúù, àfi bí ẹni yí agbádá rẹ̀ sódì wọ̀. Àwọn ìbejì yín ti rí ohun tí ọlọ́jà kò sọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló tọ́ sí i.

Ó wà lára àwọn mbuna tó rorò jù. Nínú adágún, akọ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀; ẹni tí wọ́n bá lé á lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òkúta mìíràn, ìjà parí. Nínú táńkì yín, ẹni tí wọ́n lé sá, sá, sá, dígí ló bá pàdé. Ẹ wo àwọn ẹja yòókù dáadáa: èyí tí ìrù rẹ̀ ti ya, èyí tó ń fi ara pamọ́ sí igun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù fílítà tí kì í sọ̀ kalẹ̀ àfi nígbà oúnjẹ, àwọn tí ìyà ń jẹ nìyẹn. Àwọn ọmọ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ ní láti rọ Kábíyèsí lóyè. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, tàbí kí ẹ fi ṣe pààrọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú lítà 60, òun nìkan ni yóò kù kí ọdún tó parí.

Táńkì tó yẹ mbuna, kó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, kó fẹ̀ ní 45, kó ga ní 45. Ìyẹn lé ní lítà 240. Omi rẹ̀ nìkan á wúwo ju kìlógíráàmù 240 lọ, tí a bá sì ka dígí àti òkúta mọ́ ọn, ó ti kọjá 300, torí náà kì í ṣe nǹkan orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ìdúró onírin fún un. Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: nínú irú táńkì bẹ́ẹ̀, kí ẹja pọ̀ díẹ̀ sàn ju kí ó kéré. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ẹnì kan ni alágbára á dojú kọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, kò ní mọ ẹni tó máa lé, ìyà náà á pín káàkiri. Fílítà tó lágbára ló ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, àti pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ra akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú irú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó gbogbo wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà. Tó bá di dandan kí ẹ mú àlejò wá lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ tún òkúta tò, kí gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ilé.

Wàyí o, yẹ́lò yín. Labidochromis caeruleus lorúkọ rẹ̀, oníwà tútù láàárín àwọn mbuna. Lálẹ́ òní, ẹ pa iná, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ ó rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bíi ti àgbà tó ń jẹ obì tí kò tíì fẹ́ gbé e mì. Ẹyin ló ń yí nínú ẹnu, kí afẹ́fẹ́ lè kan gbogbo wọn. Bó bá ya ẹnu díẹ̀, ẹ lè rí wọn, wọ́n á jọ ìlẹ̀kẹ̀ tíntìntín. Àìsàn tí àwọn oníṣòwò ẹja ń pè ní Malawi bloat náà máa ń dènà oúnjẹ, àmọ́ ikùn lèyí máa ń wú, kì í ṣe àgbọ̀n. Ìgbẹ́ ẹja náà á funfun, á gùn bí òwú, ara rẹ̀ á sì wúwo. Tiyín ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ geere, àbí?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Akọ ní àmì róbótó bí ẹyin lára lẹbẹ abẹ́ ìdí rẹ̀. Abo á yé ẹyin rẹ̀ sórí òkúta, á sì yíjú padà kó o sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá tún rí àmì ara akọ, á fẹ́ kó ìyẹn náà, ibi tó ti ń ṣa á jẹ ni àtọ̀ akọ ti ń wọ ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ẹyin ti ń dọmọ. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tu wọ́n jáde, kò sì ní jẹun títí di ìgbà náà. Tí ẹ bá kà á láti ọjọ́ mẹ́fà, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi omi táńkì yìí kan náà kún agbada mìíràn, kí ẹ fi ike gbé e sínú rẹ̀ láìlo àwọ̀n. Àwọ̀n máa ń dẹ́rù bà á débi tó fi máa tu wọ́n dànù. Bí kò bá sí akọ irú tirẹ̀ nínú àwọn 12 yẹn, a jẹ́ pé irú mìíràn ló fún un lọ́mọ. Ẹ lè tọ́ wọn, wọ́n á dàgbà, àmọ́ ẹ má tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni pé yẹ́lò ni wọ́n.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni èyí. Ẹbí epìyà ni gbogbo wọn, epìyà tí à ń fi jẹ ẹ̀bà yẹn. Irú epìyà kan wà nínú ọ̀sà Èkó tó wà lẹ́yìnkùlé yín níbẹ̀, Sarotherodon melanotheron, tó jẹ́ pé bàbá ló ń gbé ẹyin sẹ́nu, ìyá ti bá tirẹ̀ lọ.

Oúnjẹ: ẹ jáwọ́ nínú oúnjẹ ẹja àrọ̀ bó bá jẹ́ òun ni ẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó torí pé ó wà nítòsí, kò sì wọ́n. Ẹran ara ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìfun mbuna sì gùn, ewédò ni wọ́n dá a fún. Ó lè fa bloat. Oúnjẹ tó ní spirulina, irú ewédò kan, ni kí ẹ rà, kí ẹ máa fi ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ lómi gbígbóná há sábẹ́ òkúta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú kan.

Iná ìjọba: omi tó bá gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, ẹja tó pọ̀ sì ń mí. Fílítà onífóòmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré ń gbé ni mo fẹ́ràn jù nílẹ̀ wa, torí pé bátìrì kékeré lè gbé e mọ́jú. Bí fílítà bá kú fún wákàtí mélòó kan, ẹ má kàn tan án padà. Ẹ kọ́kọ́ fún fóòmù rẹ̀ nínú omi táńkì tí ẹ gbọ́n, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ìdọ̀tí tó ti rà níbẹ̀ má bàa tú sórí ẹja. Oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín sáfẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń fà á wọ inú omi tààrà. Èmi fi ọwọ́ ara mi pa ẹja 14 bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì sùn bí ẹni tó ṣe rere.

Bí ẹ bá wá ra táńkì ńlá, ẹ má ju lítà 60 yẹn nù. Ẹja kan wà nínú àwọn odò kéékèèké gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín, Pelvicachromis pulcher, tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà, tí wọ́n ń pè ní kribensis. Ẹbí cichlid kan náà ni, Áfíríkà kan náà ni, àmọ́ omi fífúyẹ́ tó kan díẹ̀ lomi tirẹ̀. Ohun tó ń jáde láti bọ́họ̀ọ̀lù yín yẹn, ilé rẹ̀ ni. Ẹ da omi àtijọ́ nù, kí ẹ rọ tuntun, kí ẹ fi fóòmù fílítà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn ti ń gbé síbẹ̀, kí ẹ wá ra akọ kan àti abo kan. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bíi zobo. Ẹ dojú ìkòkò amọ̀ kékeré tó ti kán létí délẹ̀ fún wọn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa yé sí, tìyá tìbàbá á sì jọ máa ṣọ́ ọmọ. Ẹ má da baking soda sí tiwọn o.